Mẹ́sàn-án Pọ́ìntì Méjì

A tó ọ̀ọ́dúnrún nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n kọ́ fún ọgọ́fà.
Ojú fèrèsé ni mo dúró sí, ìwé mi lórí èjìká Jẹ́léèlì,
òórùn ẹja yíyan ń gòkè bọ̀ láti ìsàlẹ̀ Marínà.
Ọ̀mọ̀wé Ọdúnúga ń fi ṣọ́ọ̀kì ya ọfà sára pátákó:
ọfà kan ni ọkọ̀, ọfà kan ni omi,
ìkẹta ni ibi tí ọkọ̀ yóò gúnlẹ̀ sí
bí atukọ̀ bá ṣe agídí.
Mo rẹ́rìn-ín. Gbogbo ọmọ Ẹ̀pẹ́ ló mọ ọfà kẹta yẹn,
a kàn ò mọ̀ pé wọ́n ń gba máàkì lórí rẹ̀ ni.

"Ẹ̀yin onímọ̀-ẹ̀rọ ọ̀la,"
bó ṣe máa ń pè wá nìyẹn,
bí ẹni ń sin gbèsè.

Ọjọ́bọ̀, láàbù.
Irin róbótó tó yẹ ká so mọ́ òwú ti sọnù láti sáà tó kọjá.
Bàbá Ṣówándé tó ń ṣọ́ láàbù ní ká lọ wá nǹkan wíwúwo.
Mo yọ òjé àwọ̀n kan jáde nínú báàgì,
gígùn bí ìka, àpá eyín bàbá-bàbá mi ṣì wà lára rẹ̀
níbi tó ti fi ẹnu tẹ̀ ẹ́ mọ́ okùn.
Ogójì ọdún ló fi ń wọ́ àwọ̀n lọ sísàlẹ̀ ọ̀sà;
lọ́jọ́ náà, a ní kó máa fì lásán.

Lílọ, bíbọ̀. Lílọ, bíbọ̀.
Jẹ́léèlì di aago mú, èmi ń kà á sókè,
ẹnu mi gbẹ bí ẹnu aláàwẹ̀.
Ogún ìgbà: ìṣẹ́jú-àáyá méjìdínlọ́gbọ̀n ku díẹ̀.
A tún un ṣe. Bákan náà.
A ti fèrèsé, a tún un ṣe. Bákan náà.

Kálíkúlétọ̀ ní: mẹ́sàn-án pọ́ìntì méjì.
Ìwé ní: mẹ́sàn-án pọ́ìntì mẹ́jọ.
Jẹ́léèlì wo ọ̀tún, ó wo òsì,
ó ní, "Múnírá, ṣé Ẹ̀pẹ́ nìkan ni ilẹ̀ ò ti lágbára ni?
Kọ mẹ́jọ. Àwọn tó ṣíwájú wa kọ mẹ́jọ,
wọ́n ti dé akoto níbi iṣẹ́ afárá."

Bírò mi dúró lórí ìwé.
Ẹ má pè é ní òtítọ́. Ojora ni.
Bí wọ́n bá bi mí bí mo ṣe rí mẹ́jọ, kí ni mo fẹ́ wí?
Mo kọ méjì.

Lọ́sẹ̀ kejì, Jẹ́léèlì gba mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá.
Èmi gba mẹ́rin, àti ìbéèrè kan tí wọ́n fi yíǹkì pupa kọ:
"Ibo lo wọn òwú dé?"

Ìbéèrè yẹn bá mi jẹ ẹ̀bà lálẹ́, ó bá mi fọ abọ́.
Iná ò sí. Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí òjé náà lórí ibùsùn,
rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.
Ọrùn!
Ọrùn ni mo wọ̀n ọ́n dé, ibi tí kókó wà,
bíi pé ibi tí wọ́n ti so ẹrù ni ẹrù ń gbé.
Agbede-méjì ikùn rẹ̀ ni ilẹ̀ dì mú,
sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta péré sí ìsàlẹ̀.

Mo fi mẹ́ta kún márùndínláàádọ́ta,
mo tún un ṣírò lẹ́yìn rìsíìtì owó ilé-ìwé.
Mẹ́sàn-án pọ́ìntì mẹ́jọ
bọ́ sórí bébà bí ẹja tó fò sínú ọkọ̀ fúnra rẹ̀.
Mi ò pariwo, Ọmọ́yẹlé ti sùn.
Mo kàn gbé òjé náà lé àtẹ́lẹwọ́,
mo jẹ́ kó wúwo.

Máàkì náà ò yí padà. Ọdúnúga ní, "O pẹ́."
Ó dákẹ́, ó tún ní, "Máa jókòó níwájú."
Iwájú wo, nínú gbọ̀ngàn ọgọ́fà?
Aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo débẹ̀,
ìrì ṣì ń kán lára páánù,
Jẹ́léèlì sì ti fi báàgì gba àyè méjì.